Ẹsẹ̀ Liberato àti Ọ̀nà Tó Yí Erékùṣù Wa Po

Ọjọ́rú Eléérú, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta

Fádà Ansel fi eérú sí wa níwájú orí láàárọ̀. Nígbà tó kan Liberato, ó ní kí fádà fi púpọ̀ sí i, nítorí pé ti ọdún tó kọjá fo òun, orí ibùsùn ilé ìwòsàn lòun wà. Gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni ẹ̀rín ò pa.

Mo ní láti kọ ọ́ síbì kan, nítorí mi ò tíì lè fẹnu sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá, nílé ìwòsàn ní Cagayan ní òdìkejì òkun, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ mi tí ẹnu rẹ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò lè sọ̀rọ̀, mo kúnlẹ̀ mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ní, "Olúwa, bí O bá dá Liberato padà fún mi, kí Ẹtì Rere ọdún tó ń bọ̀ tó parí, èmi àti òun á ti fi ẹsẹ̀ wa yí erékùṣù Camiguin po."

Èmi àti òun. Ẹnu ara mi ló sọ ọ́. Ẹsẹ̀ tèmi, mo láṣẹ lórí ẹ̀. Ta ló fún mi ní tiẹ̀?

Ọlọ́run ṣe ti Ọlọ́run. Liberato wà nílé, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀, ó ń bá àkùkọ wa jà láràárọ̀, ó ń ráhùn pé iyọ̀ ò tó nínú ẹja. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Kìlómítà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ọ̀nà náà. Àwọn ọ̀dọ́ a máa rìn ín láàárín ọjọ́ kan. Tiwa, a ó máa bù ú jẹ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ló kù, Liberato ò sì mọ nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo pa irọ́ àkọ́kọ́. Mo ní dókítà sọ pé omi gbígbóná dára fún iṣan. Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sọ pé kò dára náà.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta kiping lẹ́bàá ọ̀ṣọ̀rọ̀ omi Katibawasan. Bí mo ti ń da oyin àgbọn sórí ẹ̀gẹ́ díndín ni àwọn àlejò ń bi mí lọ́nà ibi omi gbígbóná, tí mo ń fọwọ́ júwe. Mi ò débẹ̀ rí. Liberato náà ò débẹ̀ rí. Igi àgbọn ló ń gùn láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá títí àìsàn fi dé, ó sì máa ń sọ pé gbogbo erékùṣù yìí lòun ti rí láti òkè, kí ló tún kù?

"Inday," ló wí. Ó ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ọmọge ni mí, èmi náà ṣì ń pè é ní Dong. "Ṣé o ti wá di àlejò nílùú ara ẹ ni? Fìlà ńlá ẹ dà? Fóònù tí wàá fi máa ya ara ẹ dà?"

"Bọ́ sínú omi, jàre."

Ó bọ́ sínú omi. Ó jókòó títí omi fi dé ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Iná tó lé ìyá mi kúrò nílé ló ń se omi tó ń wẹ̀ mí yìí." Òtítọ́ ni. Oyún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ní nígbà tí Òkè Hibok-Hibok bú gbàmù, ẹní kan ṣoṣo ló gbé sá lọ sétí òkun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òkè náà lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fọkàn tán an.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo ní kí Itok tó ń fi kẹ̀kẹ́ motorela rẹ̀ gbé èrò já wa sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ fún Liberato pé ká rìn díẹ̀ gba ọ̀nà Agoho, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wa. Láti ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì dé òkúta kìlómítà tó tẹ̀ lé e, wákàtí kan gbáko. Ó jókòó lórí òkúta náà, ó ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Nínú ọkàn mi, mo kà á: ọ̀kan.

Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Oòrùn mú ganrínganrín. Àgbọn ti tún gbówó lórí. A rìn dé òkúta kejì, Liberato ní atẹ́gùn tí mo ń wá yìí, ṣé ẹ̀yìnkùlé wa ò ní in ni?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Nang Puring tó ń ta kiping lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ń bá mi ṣọ́ àtẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní, "Femia, lójoojúmọ́ lo ń mú ọkọ ẹ jáde bí ẹni tó ń da ewúrẹ́. Kí lo ń wá?" Mo ní ìlera ni. Ó wò mí títí, ó ní, "Hùn." Mo mọ hùn yẹn.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti sọ fún un.

A ti dé Yumbing, kìlómítà kẹjọ. Mo ní ká wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sórí iyanrìn funfun tó wà láàárín òkun, níbi tí gbogbo àlejò ń lọ. Kò sí igi kan níbẹ̀, kò sí ilé. Iyanrìn nìkan ni, omi ló yí i ká, òkè sì dúró níwájú, kò sí kùrukùru kankan lórí rẹ̀. Liberato bọ́ bàtà. Ó fi ẹsẹ̀ òsì fa ìlà gígùn kan sórí iyanrìn láti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tó jókòó sí, ó wo ìlà náà, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Inday, o ṣeun tí o mú mi wá." Inú rẹ̀ dùn débi pé ara mi ò gba irọ́ náà mọ́.

Mo jẹ́wọ́. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

"Ṣé èyí tó wà lára mi yìí ni?"

"Òun náà ni, Dong."

"A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, ìwọ wá fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ẹlẹ́sẹ̀!"

"Ẹnu ẹ ò ṣe é sọ̀rọ̀ nígbà yẹn! Báwo ni ǹ bá ṣe bi ọ́?"

"Ò bá dúró dè mí."

"Bí mo bá dúró, ṣé ìwọ ló máa dúró ni?"

Atukọ̀ ń wo apá ibòmíràn, àmọ́ etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Liberato wọ bàtà rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ilé, kò bá mi sọ gbólóhùn kan.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Àkùkọ nìkan ló bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Ọjọ́ mẹ́ta láìrìn. Lónìí mo tú gbogbo rẹ̀ fún Nang Puring. Ó gbé abọ́ oyin àgbọn sílẹ̀ kó lè ráyè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin náà! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín."

"Mi ò fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti gbé ọkọ mi fún Ọlọ́run rí. Ọlọ́run ní kí n máa gbé e lọ." Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú, ó ní kí n tọ fádà lọ.

Mo tọ̀ ọ́ lọ nírọ̀lẹ́. Fádà Ansel fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Eufemia, ohun tó jẹ́ tìẹ nìkan lo lè fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Rìn tìẹ. Ti ọkọ rẹ, kò sí ní ọrùn rẹ, kò sì sí ní ọrùn tirẹ̀." Ara tù mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà fádà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé wọlé. Mo ní, "Dong, fádà ti dá ẹsẹ̀ ẹ sílẹ̀. Èmi nìkan ni màá rìn."

Liberato dìde. Mi ò rí i kó yára dìde bẹ́ẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

"Ta ni fádà bi kó tó dá a sílẹ̀?"

"Mo rò pé inú ẹ á dùn ni."

"Ìwọ fi mí síbẹ̀, fádà yọ mí kúrò níbẹ̀. Ṣé ẹ ò rí mi nínú yàrá ni? Odidi ọdún kan, tí mo bá jókòó síwájú dókítà, ìwọ ni dókítà ń bi pé ṣé mo sùn dáadáa. Tí Itok bá gbé mi, ìwọ ló ń bi pé níbo ni kóun já Nong Liberato sí. Ẹsẹ̀ ló ń wọ́, Inday. Orí ò wọ́."

Gbogbo ohun tó sọ ni mo ti ṣe, ìfẹ́ ni mo sì pè é.

Ó jókòó padà. Ó ní òun máa rìn ín. Ó ní òun máa rìn ín torí pé òun wà láàyè tí òun sì mọ Ẹni tó jẹ́ kí òun wà láàyè, kò sí ẹni tó máa bá òun dúpẹ́ tòun. Ibi tí a dúró sí ní Yumbing la ó ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọdọ̀ di apá rẹ̀ mú àfi tó bá ṣubú. Mi ò gbọdọ̀ sọ "rọra" mọ́. Gbogbo omi tí àwọn àlejò ń lọ wò tó bá wà létí ọ̀nà, a ó yà síbẹ̀, nítorí kò lè jẹ́ pé òun lòun bí erékùṣù yìí kí àlejò máa mọ̀ ọ́n jù òun lọ.

"Ìwọ kọ́ lo bí i," mo ní.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ, kí o wá bàtà mi."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Itok ń gbé wa lọ síbi tí a dé lánàá, ó sì ń wá gbé wa padà. Kò gba owó epo. Ó ní kiping lòun fẹ́, oyin rẹ̀ kó pọ̀. Kí Ọlọ́run bá mi fún un láyọ̀.

Níbi tí a bá ti dáwọ́ dúró, Liberato á fi àdá kékeré gé àmì sára igi àgbọn tó sún mọ́ ọ̀nà, bí ó ti máa ń gé àtẹ̀gùn sára wọn láyé ìgbà tó ń gùn wọ́n. Lónìí a dé ẹsẹ̀ Òkè Àtijọ́, níbi tí ère Jésù tó ru àgbélébùú ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n tò ó gun òkè lọ. Kò lè gùn ún. Ó dúró nísàlẹ̀, ó gbàdúrà níwájú ti àkọ́kọ́, ó ní kí àwọn tó kù má bínú.

Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Bonbon. Àgbélébùú ńlá tó dúró láàárín òkun, níbi tí òkè ti ri ibojì gbogbo ìlú mọ́lẹ̀ láyé àwọn baba baba wa. Àwọn àlejò ń ki rọ́bà tí wọ́n á fi máa mí bọ ẹnu, wọ́n ń bẹ́ sómi láti lọ wo ibojì. Liberato ṣí fìlà.

"Àwọn èèyàn ìyá mi wà nísàlẹ̀ yẹn," ló wí. "Ẹja ló ń ṣe aládùúgbò wọn."

"Kí wọ́n sùn re."

"Àṣẹ. Èmi ṣì wà lókè omi ná."

A ra àgbọn tútù méjì. Ẹni tó tà á fún wa bù kún un nígbà tó gbọ́ ibi tí à ń lọ.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ọjọ́ tí mi ò ní gbàgbé. A dé Catarman, a yà sí omi tútù Santo Niño. Omi náà mọ́ débi pé èèyàn ń rí òkúta ìsàlẹ̀ bí ẹni ń wo inú dígí, ó sì tutù débi pé Liberato pariwo orúkọ ìyá rẹ̀ nígbà tó kan ikùn rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké dáwọ́ eré dúró láti wò ó.

Ó wá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó pè mí.

"Inday! Wá wò ó. Nínú omi, ọ̀gbọọgba ni wọ́n."

Lóòótọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì ò wọ́, kò tẹ̀. Ó ń mì wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó sì ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Mo sọ pé mo fẹ́ lọ mú aṣọ ìnura, mo lọ sẹ́yìn òpó, mo sunkún ayọ̀ mi tán níbẹ̀. Olúwa, ká ní ibí yìí nìkan ni O jẹ́ ká dé, mo ti rí gbà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Omi Bura. Ó ń hó lẹ́nu bí ohun mímu inú ìgò, kò sì ní ṣúgà. Liberato mu ife mẹ́ta, ó gùfẹ̀ láti ibẹ̀ dé òkúta kìlómítà tó tẹ̀ lé e. Orúnkún mi ń dùn mí. Mi ò sọ fún un.

Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ó ṣubú ní Sagay. Òkúta wẹ́wẹ́ ló yọ̀ lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀. Apá rẹ̀ bó, ojú rẹ̀ sì pọ́n, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Itok gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn kékeré. Ìfúnpá rẹ̀ ga. Nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ rìn fún ọjọ́ márùn-ún. Kìlómítà mẹ́rìndínlógójì la ti rìn.

Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Mo jókòó tì í, mò ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ní, "Dong, jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Fádà ti ní kò sí ní ọrùn ẹ."

Ó la ojú kan. "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an?"

Mo sọ òtítọ́. Ọ̀nà méjèèjì ló ń bà mí lẹ́rù. Tó bá rìn, kó má kú sójú ọ̀nà. Tí kò bá rìn, kí Ẹni tó dá a padà má wá gbà á.

Ó ní, "Inday, ó ju ogójì ọdún lọ tí mo fi gun àgbọn nígbà òjò, tí mo ti mu ẹmu kí n tó gùn ún. Ká ní bí Ọlọ́run ṣe ń ṣírò nìyẹn, ṣé màá délé rí?"

Mo fi abẹ̀bẹ̀ gbá a lórí. Àmọ́ mo sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́rú Eléérú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ti wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ máa fún wọn lóògùn láàárọ̀ àti lálẹ́."

Mo ní, "Àwọn fúnra wọn lẹ máa sọ fún." Nọ́ọ̀sì tún un sọ fún Liberato. Ó dá a lóhùn bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Kìlómítà méjì lónìí, òjò pa wá ní ìdajì ọ̀nà, a ò sì yà síbì kankan. Méjìdínlọ́gbọ̀n ló kù kí òní tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sì wà fún un.

Àìkú Ọ̀pẹ, ọjọ́ kẹrìnlá

A gba imọ̀ ọ̀pẹ láàárọ̀, a gbé e dání rìn dé Guinsiliban. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le ju ti oṣù tó kọjá lọ, ó ń ṣe kìlómítà mẹ́rin láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ tó bá sinmi dáadáa lọ́sàn-án.

Ní Kibila, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú àwọn ìkarahun ńlá inú òkun fi dígí ojú wíwẹ̀ bò ó lójú, wọ́n sì mú un wọnú omi tó mọ níbàdí. Ó ní òun rí wọn, wọ́n tóbi ju agbada wa lọ, wọ́n la ẹnu, ètè wọn ní àwọ̀ bí aṣọ ìyàwó. Ó ní ọ̀kan pa ẹnu dé nígbà tí òjìji òun bọ́ sórí rẹ̀. "Bí ìwọ, tí mo bá béèrè ọ̀rọ̀."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Adágún Taguines. Ẹja yíyan, ìrẹsì, ẹ̀fúùfù tó tutù. A jẹun, a sùn lábẹ́ igi bí ọba àti olorì. Ọpẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, ọjọ́ kejìdínlógún

Láàárín Mahinog la wà lónìí. Nang Puring ti ti àtẹ pa, ó ní òun fẹ́ wá fojú ara òun rí i. Nígbà tí a dé òkúta kìlómítà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àgbọn, mo wá oògùn àárọ̀ nínú àpò, kò sí níbẹ̀. Orí tábìlì ni mo gbé e kalẹ̀ sí. Mo fò sínú kẹ̀kẹ́, Itok wà á bí ẹni tí iná ń jó.

Nígbà tí mo padà dé, mi ò bá Liberato níbẹ̀. Ó ti wà níwájú, lórí òkúta tó tẹ̀ lé e, ó ń mu àgbọn tútù, Nang Puring ń fi ìborí rẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ta ló ní kí ẹ kúrò?"

"Àwa la ní ká kúrò," ni Nang Puring wí. "Ọkọ ẹ ní tí òun bá jókòó, ìdí òun á di òkúta."

Mo bínú, mo fún un lóògùn, a tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀. Díẹ̀ ló kù ká dé Tupsan. Kìlómítà márùn-ún fún ọ̀la.

Ẹtì Rere, ọjọ́ kọkàndínlógún

A bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ọ̀nà ti kún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, àwọn tó ti Cagayan wá, àwọn tó ti Bohol wá, igi lọ́wọ́, aṣọ ìnura lọ́rùn. Níwájú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n gbé tábìlì síta, wọ́n ń fún wa lómi lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá kan bu binignit fún wa, iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú wàrà àgbọn, ó ṣì gbóná. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ̀ má gbẹ láéláé.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin fẹ́ kọjá wa. Wọ́n rí bí ẹsẹ̀ Liberato ṣe ń wọ́, wọ́n dẹ eré.

"Ẹ kú ìrìn o, Bàbá! Àárọ̀ yìí lẹ bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Oṣù tó kọjá ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Àná, Bàbá."

"Àná! Kí lẹ wá ń sá fún? Erékùṣù ò ní sá lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bá wa rìn dé òkúta kan gbáko, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

Oòrùn wá mú. Ó sinmi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀keje. Ní kìlómítà tó kẹ́yìn, ìgbésẹ̀ ogún ló ń gbé kó tó dúró. Mi ò sọ "rọra." Mo bu ahọ́n mi jẹ kí n má baà sọ ọ́. Ó ku díẹ̀ kí aago kan lù nígbà tí mo rí géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Agogo kì í dún lónìí, pátákó ni wọ́n ń gbá. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó rìn tààrà, ó na ọ̀pá rẹ̀, ó fi kan géètì, gbà.

Mo wólẹ̀ sórí símẹ́ńtì níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní, Olúwa, O ṣeun, mo ti san án, O ṣeun, a ti san án. Liberato dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó jẹ́ kí n sunkún tó bí mo ṣe fẹ́.

Nígbà tí mo nu ojú tán, ó ní, "Ó kù."

"Kí ló kù?"

"Èmi ti parí tèmi. Ìwọ lo jẹ kìlómítà kan sílẹ̀. Láàárọ̀ àná, nígbà tí o lọ gbé oògùn, mo rìn láti òkúta sí òkúta. Inú kẹ̀kẹ́ Itok ni ìwọ gbà kọjá níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́! Èmi tí mo ka òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò ṣọ́ tèmi.

"O mọ̀ ọ́n látàná, o ò sọ?"

"Tí mo bá sọ ọ́ látàná, o ò ní jẹ́ ká sùn. Mo tún fẹ́ kí o sunkún ayọ̀ náà tán ná. Òní ò tíì parí."

Itok gbé wa padà gba Mahinog, díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn arìnrìn-àjò tó kún ọ̀nà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó aago mẹ́ta nígbà tí a dé òkúta náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà àgbọn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí Liberato jókòó sínú kẹ̀kẹ́, kí Itok máa tẹ̀ lé mi pẹ̀lú rẹ̀. Orúnkún mi wú, mo sì mọ̀ pé kìlómítà yẹn máa gùn.

Mo ti gbé ìgbésẹ̀ bíi mẹ́wàá nígbà tí mo gbọ́ ọ̀pá lẹ́yìn mi.

Mo yíjú. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ rin gbindin fún òógùn.

"Padà sínú kẹ̀kẹ́, Dong. O ti rin èyí. Ẹsẹ̀ ẹ ò jẹ Ọlọ́run ní nǹkan kan mọ́."

"Mo mọ̀," ló wí. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó mí kanlẹ̀. "Gbogbo ti tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ti bá mi ṣèlérí wọn. Èyí, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ bá ìyàwó mi rìn."